D7 ọmọ mi nínú ìṣirò, àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Télọ̀ ni mí, Òmídà níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mi ò kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn rí, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí ò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti bí oṣù mélòó kan, ọ̀rọ̀ ìṣirò àkọ́bí mi ni, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí ní Abẹ́òkúta yìí torí mẹ́ta nínú àwọn oníbàárà mi ló ti sọ irú ẹ̀ fún mi nígbà tí mo ń fi téèpù wọ̀n wọ́n lọ́wọ́, ọ̀kan tiẹ̀ sunkún.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọmọbìnrin mi yìí. Nọ́ọ̀sì ló ní òun máa ṣe, kò sọ nǹkan míì rí. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá ìyá mi dúbúlẹ̀ òun ló ń tọ́jú wọn, òun ló mọ aago tí wọ́n ń lo òògùn, òun ló máa ń ka nọ́ńbà tó bá hàn lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tó sì máa kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan pẹ̀lú déètì. Ó ṣe JAMB, ó gba 268. Ìbàdàn ló fẹ́ lọ. Mo ti ń sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n máa pè é ní Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run darí jì mí.

Ọjọ́ tí èsì WAEC jáde, ṣọ́ọ̀bù la wà, bùbá kan ni mò ń rán lọ́wọ́. Ó wo èsì náà lórí fóònù ẹ̀. Kò pariwo, kò sunkún, ó kàn gbé fóònù náà lé orí máṣìn níwájú mi ó sì jáde lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. English B3, Biology B2, Chemistry C5, Physics C6, gbogbo ẹ̀ ni mo ń kà tí inú mi ń dùn, àfi ìgbà tí mo dé Mathematics, D7. Mo rò pé ojú mi ni, mo pe ọmọ iṣẹ́ mi pé kó bá mi kà á. Ohun kan náà ló kà.

Ẹni tí ò bá mọ̀, A1 títí dé C6 ni wọ́n ń pè ní kírẹ́dìtì. D7 àti E8, wọ́n ní pàásì ni, àmọ́ pàásì yẹn ò lè gbé ẹni tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì débì kankan. Kírẹ́dìtì márùn-ún ni wọ́n fẹ́, English, Mathematics, Biology, Chemistry àti Physics, wọn ò sì gbà kí èèyàn fi ọ̀kan dípò èkejì, kódà kó jẹ́ pé A1 ló wà nínú gbogbo ìyókù. Àwọn ilé ìwé nọ́ọ̀sì tí kì í ṣe yunifásítì náà, bákan náà ni. Bí 268 yẹn ṣe ṣòfò nìyẹn o, torí máàkì JAMB ò kọjá ọdún tí wọ́n bá ṣe é, tó bá di ọdún tó ń bọ̀ ó tún máa ra fọ́ọ̀mù tuntun, ó tún máa jókòó.

Ohun tó tún wá da ọ̀rọ̀ rú ni ìkéde tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní October 2025. Gbogbo èèyàn ló gbé e kiri pé wọ́n ti yọ Maths kúrò, ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò mi sáré wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé ẹ ṣe sàráà, ọmọ yín ti bọ́. Kò bọ́ o. Àwọn tó fẹ́ lọ ka Arts ni wọ́n ní kírẹ́dìtì ìṣirò ò pọndandan fún mọ́ láti wọlé, àwọn tó fẹ́ ṣe sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti social science ṣì gbọ́dọ̀ ní in, kò sì pẹ́ tí wọ́n tún fi jáde wá ṣàlàyé pé gbogbo ọmọ pátá, àti ti Arts, ló ṣì gbọ́dọ̀ jókòó ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin òbí, ẹ ka ọ̀rọ̀ náà dé ìdí kẹ́ ẹ tó sọ fún ọmọ pé kó gbé ìwé ìṣirò jù sílẹ̀, torí mo ti gbọ́ ọmọ kan ní Kútọ̀ tó ń sọ fún ẹgbẹ́ ẹ̀ pé Maths ti di fàájì, bẹ́ẹ̀ accounting ló ní òun fẹ́ kà.

Ọkùnrin kan tún wá. Mi ò ní sọ ibi tó ti wá. Ó ní òun mọ ibi kan tí wọ́n ti máa ń bá àwọn ọmọ ṣe ìdánwò, special centre ni wọ́n ń pè é, pé kí n kó owó wá kí ọmọ sáà lọ jókòó, B3 dájú. Ó dá owó lé mi, owó tí mo lè rí tí mo bá ta máṣìn kan. Mo ro ó, mi ò ní purọ́ fún yín, odindi òru kan ni mo fi ro ó. Ohun tó jẹ́ kí n sọ pé rárá ni ìwé kékeré tí ọmọ yẹn ń kọ nọ́ńbà ìyá mi sí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìṣirò ni láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé dókítà kọ 250mg fún ọmọ kékeré kan, tí òògùn olómi tó wà nílẹ̀ wá jẹ́ 125mg nínú 5ml, 10ml ló yẹ kí nọ́ọ̀sì wọ̀n fún un, tó bá wá wọn 20ml ńkọ́? Ẹni tó ra kírẹ́dìtì ò ra ọpọlọ tó máa fi ṣe ìyẹn. Torí náà mi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé kí ni wọ́n ń fi Maths ṣe fún nọ́ọ̀sì. Ó tọ́ kí wọ́n béèrè ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó kọ́ ọmọ mi ní ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀, èmi náà ò sì mọ̀ títí ó fi pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan tí iná ò sí, mo ní kó gbé ìwé ìṣirò ẹ̀ wá ká jọ wò ó. SS3 ni mo ka dé, ó ti pẹ́, mi ò rántí púpọ̀ níbẹ̀, mo kàn ní kó ṣe ọ̀kan kí n wò ó ni. Ó mú èyí tí wọ́n ní x/2 + x/3 = 10, kó wá x. Ó kọ 2x/5 = 10, ó ní x jẹ́ 25. Ó ṣe é kíákíá, kò ṣiyèméjì rárá. Mo wo 25 yẹn. Mo ní wọ́n ní ìdajì ẹ̀ àti ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 10 àbí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ìdajì 25 nìkan, méjìlá àbọ̀ ni, ó ti ju mẹ́wàá lọ kí á tó débi ìdá mẹ́ta. Ó dákẹ́. Mo ní kó kọ 1/2 + 1/3 lásán, láìsí x kankan, ó kọ 2/5. Òkè àti òkè ló rò pọ̀, ìsàlẹ̀ àti ìsàlẹ̀.

Mo bá na téèpù mi sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà. Yáàdì kan, íǹṣì 36. Mo ní fọwọ́ sí ìdajì, ó fi ìka sí 18. Mo ní ìdá kan nínú mẹ́ta ńkọ́, ó rò ó díẹ̀, ó ní 12. Mo ní rò wọ́n pọ̀. 30. Mo ní 30 nínú 36, ká pín méjèèjì sí mẹ́fà mẹ́fà, 5/6 ni, ṣé o rí i pé 2/5 tó o kọ yẹn ò tiẹ̀ tó ìdajì yáàdì, báwo lèèyàn ṣe máa fi aṣọ kún ìdajì yáàdì tó máa wá kéré sí i? Ọmọ náà kàn ń wo téèpù. Ló bá bú sẹ́kún, ó ní, màmi, kò sẹ́ni tó sọ fún mi báyìí rí.

JSS2 ni ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́. A jókòó a ro ó padà sẹ́yìn, òun fúnra ẹ̀ ló rántí. Táàmù méjì gbáko ni wọn ò fi ní tíṣà ìṣirò ní ilé ìwé tó wà nígbà yẹn, wọ́n á kọ nóòtì sójú pátákó, wọ́n á ní kí wọ́n dà á kọ, ó tán. Èyí tí ò yé e dáadáa láti Primary ló gbé dé ibẹ̀, kò rí ẹni bá a tún un ṣe, ó wá há fọ́múlà sórí bẹ́ẹ̀ dé SS3, ó ń gba 45, ó ń gba 50, kò kúkú ya dìndìnrìn. Èmi náà ńkọ́? Ipò ni mò ń wò nínú káàdì. Ó ṣe ìkẹrin, mo ra bisikíìtì. Mi ò wo ìlà ìṣirò rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n bèèrè pé kí ló dé tí èyí ò fi jọ àwọn tó kù. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀, pé iṣẹ́ téèpù ni mò ń ṣe, ọmọ mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mi ò fẹ́ gbọ́ pé orí ọmọbìnrin ò gba ìṣirò mọ́, wọ́n ti sọ ọ́ fún mi jù. Àwọn ìyá wa tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ẹ lọ bá wọn ná án kẹ́ ẹ wò ó, ẹ ò tíì yọ fóònù jáde tí wọ́n á ti sọ iye tó kù fún yín. Kódà kíkà tiwa fúnra ẹ̀, ìṣirò ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo pè é yẹn, mẹ́ta tó dín nínú ogún ni. Àádọ́ta, ogún mẹ́ta ni wọ́n yọ mẹ́wàá nínú ẹ̀. Ọmọ tó ń ka èyí láti inú ilé, ta ló sọ pé orí ẹ̀ ò gbà á?

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì ní Ìbarà la wá lọ bá. Èmi rò pé bàbá máa kó past questions fún un ni, torí ohun tí gbogbo lẹ́sìnnì tó wà ládùúgbò ń ṣe nìyẹn, ìdánwò ọdún yìí, ìdánwò ọdún yẹn, kí wọ́n máa dáhùn ẹ̀ lọ. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń bi í ní ìbéèrè láti Primary 3 bọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, ibi tó ti kọ́kọ́ kọsẹ̀ ni wọ́n fi bírò fa ìlà sí. Primary 5. Wọ́n ní ibí ló kù sí, ibí náà la ti máa gbé e. Ọmọ tó ti gba 268 ní JAMB, ìwé Primary 5 ló gbé relé! Ojú tì í, ó fi ìwé ìròyìn bo ẹ̀yìn ẹ̀ kí àwọn àbúrò ẹ̀ má bàa mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló lò nídìí fraction, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ti ń dà á láàmú láti ọdún márùn-ún.

Ẹ̀yin olóòtú, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé jáde nìyí, kí ìjọba ìpínlẹ̀ wa wo àwọn kíláàsì JSS dáadáa, kì í ṣe SS3 nìkan tí gbogbo ojú wà lára ẹ̀, ilé ìwé tí tíṣà ìṣirò bá ti kúrò kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kó tó táàmù kan kí wọ́n tó fi òmíràn síbẹ̀, tí ò bá sì sí kí wọ́n sọ fún àwa òbí, a lè dá owó jọ, a lè wá ẹni tó ti fẹ̀yìntì bíi ti bàbá yìí, ìlú yìí kún fún wọn. Tí ọmọ bá fẹ́ wọ SS1 kí wọ́n bi í láwọn nǹkan kéékèèké yìí kí wọ́n tó fi í sí sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀yin òbí náà, lálẹ́ òní, ẹ fún èyí tó wà ní JSS nínú àwọn ọmọ yín ní bírò, kó ro 1/2 àti 1/3 pọ̀. Tó bá kọ 2/5 ẹ má nà án, ẹ má pè é lólódo, ẹ wá téèpù.

Èyí tí D7 bá sì ti já lé lọ́wọ́ báyìí, ọ̀nà ṣì wà. NECO wà, GCE tí WAEC ń ṣe fún àwọn tó ti kúrò nílé ìwé náà wà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ló sì máa ń gba èsì ìdánwò méjì pọ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn, kì í sì í ṣe fún gbogbo kọ́ọ̀sì, torí náà ẹ bèèrè níbi tí ọmọ fẹ́ lọ kẹ́ ẹ tó sanwó. A ti gba fọ́ọ̀mù GCE tiwa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá obìnrin kan gbé ańkárá yáàdì márùn-ún wá, ó ní ká yọ yáàdì méjì àbọ̀ fún òun, kí àwọn ọmọ òun méjèèjì pín ìyókù dọ́gba. Ọmọ iṣẹ́ mi ń wá fóònù láti fi ṣe é. Ọmọ mi ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní íǹṣì márùndínláàádọ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo na téèpù sí i, ó pé géérégé.

Èmi ni tiyín,
Ìyá télọ̀ kan,
Òmídà, Abẹ́òkúta.