Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń mu kọfí lóru

Àbẹ̀kẹ́,

Lẹ́yìn tí o bá ti ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ ní Ìtòkú, tí àwọn ọmọ ti sùn, tí o wá ṣí ìwé gbèsè àwọn oníbàárà, mo mọ̀ pé ife kọfí yẹn lo fi ń tu ara nínú. N kò ní kí o má mu ún. Ohun tó wà nínú ife ni mo bá wí.

Kaféènì, èròjà inú kọfí tí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn, kì í lé àárẹ̀ lọ. Ohun kan wà tó ń kó jọ sínú ọpọlọ láti àárọ̀, òun ló ń mú ojú wúwo. Kaféènì kàn gba àga mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Bó bá dìde, àárẹ̀ á padà tòun tèlé. Kì í sì í tètè dìde: ó tó bíi wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára àgbàlagbà. Èyí tí o mu ní aago 10 alẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ ní aago 3 òru, ìyẹn ni oorun kò fi wọra. (Obì náà ní kaféènì o. Má fi panu.)

Èyí tí wọ́n kọ decaffeinated sí lára ni kí o máa rà fún alẹ́. Kaféènì inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí o bá fẹ́ kọfí lílọ̀, mọ̀ pé irú kọfí tí wọ́n ń pè ní robusta ni ti Kàbà, kaféènì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti irú kejì, arabica. Kí ó rí bí gààrí Ìjẹ̀bú. Èyí tó kúnná bí ẹ̀lùbọ́ á korò, á sì dí asẹ́. Gíráàmù 10, ìyẹn ṣíbí ọbẹ̀ 2 tí kò ga, fún mìlílítà 170 omi. Jẹ́ kí omi hó, sọ ọ́ kalẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú, dà á lé e, rò ó lẹ́ẹ̀kan, dé e fún ìṣẹ́jú 4, kí o sẹ́ ẹ. Omi fúláàsì tó ti wà láti ìrọ̀lẹ́ kò gbóná tó. Bí o bá fẹ́ dín in kù, dín kọfí àti omi kù pọ̀; omi púpọ̀ lórí kọfí díẹ̀, ìkorò ló ń fà jáde.

Agolo tó dé pinpin ni kí o kó o sí, kó jìnnà sí irú àti aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró. Kọfí tó ń rùn bí aró, aláró gan-an kò ní mu ún.

Mo fi agolo kan rán onímọ́tò. Lọ gbà á ní Kútọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ