Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi ní Los Angeles lórí Terminator 2

Ìbàdàn,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí, a dúpẹ́. Mo ka ohun tí o kọ nípa Terminator 2 nínú lẹ́tà rẹ, pé apá kìíní tó jáde ní ọdún 1984 ni ojúlówó, àti pé apá kejì kò ju ariwo ìbọn àti owó rẹpẹtẹ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí pé àwa tí a ti fẹ́ràn fíìmù náà láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kóra jọ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí mo sì rí nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí ju ohun tí ojú ọmọdé wa rí nígbà náà lọ. Mi ò bẹnu àtẹ́ lu apá kìíní o. Fíìmù tó ń dẹ́rù bani gidi ni, ó sì mọ ibi tó ń lọ.

Òótọ́ ni pé owó wọlé sí èyí tó jáde ní 1991. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 dọ́là ni James Cameron fi ṣe ti àkọ́kọ́, ti ẹ̀ẹ̀kejì sì gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 100. Ṣùgbọ́n wo ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe. Tún wo ibi tí T-1000, ẹ̀rọ apààyàn onírin tó ń ṣàn tí Robert Patrick ṣe, ti kọjá láàárín àwọn ọ̀pá irin ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ: orí, àyà àti apá rẹ̀ ń yọ́ kọjá bí ẹ̀kọ gbígbóná, àfi ìbọn ọwọ́ rẹ̀ ló há, nítorí pé irin lásán ni ìbọn, ó sì ní láti yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó lè fà á yọ. Kò sí ẹni tó bá a pariwo ìbọn tó há yẹn, wọn ò sì ṣàlàyé rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà àwọn oníṣẹ́ Industrial Light & Magic ló ya ara tó ń yọ́, ṣùgbọ́n Gary Rydstrom tó ṣètò ìró ohùn inú fíìmù náà rí ìró tó bá a mu nínú oúnjẹ ajá, bó ṣe ń rọra yọ bọ́ láti inú agolo. Ẹni tó ronú dé ibẹ̀ kì í ṣe ẹni tó kàn ń náwó.

Síbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ kí o yẹ̀ wò jù lọ ni Sarah Connor. Nínú apá kìíní, ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ni, kò mọwọ́ mẹsẹ̀, tí ẹ̀rọ tí Arnold Schwarzenegger ṣe sì dé láti ọjọ́ iwájú láti wá pa á kí ó má baà bí ọmọ tí yóò ṣáájú àwọn ènìyàn nínú ogun tí wọn yóò bá àwọn ẹ̀rọ jà. O rántí ilé ijó yẹn, níbi tí iná pupa bíńtín láti ara ìbọn ẹ̀rọ náà ti dúró sí iwájú orí rẹ̀. Wá wo apá kejì. Sarah fúnra rẹ̀ ló gbé ìbọn lọ sí ilé Miles Dyson, onímọ̀ ẹ̀rọ tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yóò di Skynet, kọ̀ǹpútà tí yóò dá ogun náà sílẹ̀ lẹ́yìnwá ọ̀la. Ó fara pamọ́ sínú òkùnkùn, ó sì gbé irú iná pupa kan náà lé ọkùnrin náà lẹ́yìn níbi tó jókòó sí nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọkọ̀ ìṣeré ọmọ Dyson ló yọ ọ́ lọ́wọ́ ikú. Ọkọ̀ náà sáré wá kọlu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ba láti wò ó, bí ó sì ti tẹ̀ba ni ọta ìbọn kọjá lórí rẹ̀. Sarah kò sọ̀rọ̀, kò dúró. Ó ń yìnbọn, ó ń rìn bọ̀ gẹ́lẹ́ bí ohun tó ń lé òun náà kiri ní ọdún 1984. Ìgbà tí ọmọ kékeré náà sáré wá bo bàbá rẹ̀, tó ń bẹ̀bẹ̀, ni ọwọ́ obìnrin náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tó sì ṣubú lulẹ̀ tó ń sunkún. Linda Hamilton ṣe ibẹ̀ débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ̀rọ Arnold, tó padà wá nínú apá kejì láti dáàbò bo ọmọ Sarah lọ́wọ́ T-1000, ti gbé ọwọ́ sókè, ó ti búra fún ọmọ Sarah pé òun kò ní pa ènìyàn mọ́, ó sì dúró lórí ìbúra náà pẹ̀lú gbogbo ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ń di ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń kọ́ ìwà ènìyàn, ọmọdé kan ṣoṣo ló sì dúró láàárín wọn. Apá kìíní kò ní irú èyí, kò sì lè ní in, nítorí pé ẹni tó bá ti rí ti àkọ́kọ́ nìkan ni ara rẹ̀ máa bù máṣọ bí ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ agbéniròkè bá ṣí, tí Sarah rí ojú tó fẹ́ pa á nígbà kan rí, tó ṣubú, tó ń fi ìdí wọ́ sẹ́yìn, tí ojú yẹn gan-an sì wá sọ fún un ọ̀rọ̀ tí Kyle Reese, jagunjagun tó wá láti ọjọ́ iwájú nínú apá kìíní, sọ nígbà tó wá gbà á là.

Bí o bá máa tún un wò, wá ẹ̀dà tó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 gùn ju ti sinimá lọ. Ní tèmi, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi kún un kò pọn dandan, títí kan àlá tí Kyle Reese ti yọ sí Sarah. Àmọ́ ó dùn mí pé wọ́n yọ ibi tí wọ́n ti ṣí orí ẹ̀rọ náà kúrò nínú ti sinimá, níbi tí Sarah ti gbé òòlù láti fọ́ ọpọlọ rẹ̀ túútúú, tí ọmọ rẹ̀ sì dá a dúró. Dígí ńlá ló dà bíi pé ó wà níwájú wọn, ṣùgbọ́n kò sí dígí kankan níbẹ̀. Ojú ihò ni: ère Arnold àti Leslie, ìbejì Linda Hamilton, wà ní ìhà kan, Arnold àti Linda fúnra wọn sì wà ní ìhà kejì, wọ́n ń ṣe bí òjìji wọn nínú dígí. Ìbejì yìí náà ni wọ́n lò níparí, nígbà tí T-1000 gbé àwọ̀ Sarah wọ̀ ní ilé iṣẹ́ irin.

Nígbà kékeré wa, a gbà pé ákítọ̀ kì í kú, ìdí nìyẹn tí òpin fíìmù yìí fi dùn wá tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò kíyè sí nígbà náà ni pé kí ẹ̀rọ Arnold tó wọ inú irin yíyọ́ lọ kú, Sarah bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Òun tó gbé òòlù sókè sí i. Nítorí bíbọ̀wọ́ yẹn ni ibi tí wọ́n ti gbé òòlù fi ṣe pàtàkì lójú mi, nítorí rẹ̀ náà sì ni mi ò fi gba ti apá tó jáde ní 2019, tó pa ọmọ Sarah ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù bí ẹni pé gbogbo làálàá yẹn kò já mọ́ nǹkan kan.

Àríyànjiyàn wa kò ní parí, mo mọ̀. Ilé ìkàwé Library of Congress ní Amẹ́ríkà níbẹ̀ ti fi ti 1984 sínú àkójọ àwọn fíìmù tí wọ́n ń tọ́jú fún ìran tó ń bọ̀ ní 2008, wọ́n sì fi ti 1991 kún un ní 2023. Ṣùgbọ́n o sọ pé ìyàwó rẹ kò tíì rí ìkankan nínú méjèèjì. Jọ̀wọ́, má ṣe sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Jẹ́ kí ó wo ti àkọ́kọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ó wo ti ẹ̀ẹ̀kejì lọ́jọ́ kejì rẹ̀, kí o sì kọ ohun tó bá sọ nípa Sarah ránṣẹ́ sí mi. Bí ọ̀nà kò bá sì jìn sí ọ, bá mi ya fọ́tò Bull Creek ní San Fernando Valley, gọ́tà ńlá oníkọnkéré tí ọkọ̀ akẹ́rù ti fò wọ̀ nígbà tó ń lé ọmọ náà lórí alùpùpù. Ó pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ mọ bí ògiri rẹ̀ ṣe ga tó.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.