Lẹ́tà sí Àjọkẹ́: Orí Karùn-ún

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Àìkú.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo ti ka orí mẹ́rin tó o fi ránṣẹ́ nínú ìwé ìwádìí rẹ lórí àwọn obìnrin àti géèmù tán. Àbúrò rẹ ló bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, torí ojú mi kì í lè wo fóònù pẹ́ mọ́. Bàbá rẹ náà ka orí kìíní. Ó ní òun ò mọ̀ pé èèyàn lè torí géèmù gboyè ọ̀mọ̀wé. Èmi mọ̀. Láti kékeré lo ti ń ṣe é tí kò sú ọ, mo sì ti rí i tipẹ́ pé ohun tó ò ń wá níbẹ̀ ju eré lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó o sọ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kò jẹ́ kí n sùn. O ní látìgbà tó o ti sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ náà ní àpérò kan, tí àwọn kan gé fídíò rẹ kúrú tí wọ́n ń pín in kiri, èébú tí wọ́n ń bú ọ ti kọjá èyí tó o lè kà sétí mi. O ní olùkọ́ kan ti gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kó o wá nǹkan mìíràn kọ lé lórí. O wá bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni?"

Má fi í sílẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kó o lè fara balẹ̀ ka ìyókù.

O mọ̀ pé bàbá mi ló kọ́ mi ní ayò. Abẹ́ igi ọdán iwájú ilé wa ni àwọn ọkùnrin àdúgbò ti máa ń ta á nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá dé á ní, "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ o!" Wọ́n á dá a lóhùn pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn!" Ọ̀ta lẹni tó ń jẹ ayò, ọ̀pẹ lẹni tí wọ́n ń jẹ. Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín, torí ọ̀pẹ àná lè di ọ̀ta lónìí, ayò ló ń pín oyè náà. Nígbà tí mo tó ọmọ ọdún mọ́kànlá, bàbá mi ní kí n wá jókòó. Ọkùnrin tó wà níwájú mi dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní òun kì í bá ọmọbìnrin tayò. A ò tíì ta ẹyọ kan, mo ti di ọ̀pẹ.

Ìyẹn ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo wá kí ọ ní Manchester. Mo jókòó sórí ibùsùn rẹ, mò ń ṣa ẹ̀wà, ìwọ ń bá àwọn tí o ò mọ̀ rí ṣe géèmù ìbọn. Ẹ jọ ń bá a bọ̀ dáadáa. O kàn kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n wẹ̀yìn ni, tí ọkùnrin kan gbọ́ ohùn rẹ. Láti inú ohun tó wà létí rẹ ni mo ti gbọ́ tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ bú ọ pé o jẹ́ obìnrin, ó tún bú àwọ̀ rẹ, bẹ́ẹ̀ kò rí ọ o. O ò wo ọwọ́ rẹ rárá tí ìka rẹ fi lọ tẹ bọ́tìnnì kan, o pa ohùn ara rẹ, o sì ń bá eré lọ ní ìdákẹ́jẹ́. Bí ìka yẹn ṣe yára tó ló dùn mí ju èébú náà lọ. Ó ti mọ́ ọ lára.

Mo ka ohun tó o kọ nípa ọdún 2014, àwọn tó ń pe ara wọn ní Gamergate, tí wọ́n ń bú àwọn obìnrin inú iṣẹ́ géèmù, tí wọ́n sì ń halẹ̀ mọ́ wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ti Anita Sarkeesian ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì. 6,000 dọ́là ló tọrọ lọ́dún 2012, láti ṣe fídíò nípa irú obìnrin tí wọ́n ń fi sínú géèmù. Àwọn èèyàn dá ohun tó lé ní 158,000 fún un, ẹnì kan sì jókòó ṣe géèmù tí wọ́n á ti máa lu Anita fúnra rẹ̀ lójú. Ní oṣù kẹwàá 2014, ó yẹ kó sọ̀rọ̀ ní Utah State University. Wọ́n fi ímeèlì halẹ̀ pé àwọn máa yìnbọn pa àwọn tó bá wá, àwọn ọlọ́pàá sì ní òfin ìpínlẹ̀ náà kò jẹ́ kí àwọn gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ló bá fagi lé e. Ó ṣe dáadáa. Bọ́rọ̀ bá débi ẹ̀mí, Àjọkẹ́, gbé báàgì rẹ kó o máa bọ̀, èmi ò ní pè é ní ojo.

Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ nìyí: nínú gbogbo ìwé tí mo kà yìí, níbo ni obìnrin kan ti ṣeré? Èébú ni orí kìíní, èébú ni orí kẹrin. O kọ pé Kishonna Gray ṣèwádìí lórí àwọn obìnrin dúdú orí Xbox Live, níbi tí àwọn èèyàn ti ń bá ara wọn ṣe géèmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé ohùn wọn ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn. O tún kọ ọ́ pé àwọn obìnrin náà kó ara wọn jọ, wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn nínú eré. Gbólóhùn kan péré lo fi kọjá níbẹ̀! Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó o tẹ́ ẹní sí.

Ìwọ lo sọ fún mi, níbi tá a ti ń ro ọkà, pé Dona Bailey wà lára àwọn tó ṣe géèmù Centipede ní ilé iṣẹ́ Atari lọ́dún 1981, pé Carol Shaw ló ṣe géèmù River Raid lọ́dún 1982. O sọ ti Muriel Tramis, obìnrin dúdú ọmọ erékùṣù Martinique, tó ṣe géèmù Freedom lọ́dún 1988: ẹni tó bá ń ṣe é á di ẹrú tó ń ko àwọn ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti dìtẹ̀ lóko ọ̀gá wọn. O fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí ọkà jóná níbi tó o ti ń ṣàlàyé. Mo wá orúkọ obìnrin yẹn títí nínú ìwé rẹ, mi ò rí i.

Mo mọ bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Nílé ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti kọ́ni ní ìṣirò, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ́ obìnrin kan ṣoṣo ní ẹ̀ka wa. Bá a bá ṣèpàdé, èmi ni wọ́n á ní kí n máa kọ ohun tá a sọ sílẹ̀, èmi náà ni wọ́n á ní kí n ṣí mínírà. Mo jà. Mo kọ lẹ́tà, mo lọ rí ọ̀gá, mo gbé e lọ sílé, mo gbé e wá síbi iṣẹ́. Mo borí níkẹyìn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwádìí tí mo ti bẹ̀rẹ̀ kí ìjà náà tó dé ṣì wà nínú fáìlì aláwọ̀ ewé tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi. Mi ò parí ẹ̀.

Nítorí náà, gbé fóònù rẹ fún ọ̀rẹ́ tó o fọkàn tán, kó máa bá ọ ka èébú náà, kó máa tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Má ka ọ̀kankan lóru. Má fèsì. Ní ti olùkọ́ yẹn, ó lè jẹ́ ààbò rẹ ló ń rò, má bá a jà. Bi í pé kí ni yunifásítì máa ṣe tí wọ́n bá halẹ̀ mọ́ ọ, kó o sì ní kó fi ìdáhùn náà ránṣẹ́ sí ọ ní kíkọ.

Ṣé mo ti sọ bí ọjọ́ abẹ́ igi ọdán yẹn ṣe parí fún ọ rí? Bàbá mi ló jókòó sáyè ọkùnrin náà. Kò ṣàánú mi rárá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló jẹ mí. Nígbà tí ẹnì kan dé tó kí ọ̀ta kí ọ̀pẹ, bàbá mi ní kí èmi náà jẹ́, mo sì jẹ́.

Ìyá Ṣadé ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín níparí oṣù yìí. Mo ti fi ọpọ́n bàbá mi rán an sí ọ. Ọmọ ayò 48 ló yẹ kó wà nínú àpò rẹ̀, 47 ni mo bá, mo fi iyùn kan láti ọrùn mi dí i. Má jẹ́ kó sọ nù o. Tó o bá ti bẹ̀rẹ̀ orí karùn-ún, fi ránṣẹ́ sí mi, bí kò bá tiẹ̀ tíì dán.

Èmi ni,
Mọ́mì rẹ.