Bí NAS bá ń já lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ fọwọ́ kúrò lára reset

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́.

Lẹ́yìn Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ni fọ́tò àti fídíò máa ń rọ́ wọnú NAS, ìyẹn àpótí háàdì tí àwọn ayàwòrán àti ọ̀pọ̀ ìdílé so mọ́ ráútà. Ìgbà náà gan-an ló máa ń já: fáìlì á dé ìdajì, àpótí á dàwátì lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rù á ba ẹni tó ni ín, á mú abẹ́rẹ́, á kì í bọ ihò reset. Mo bẹ àwọn òǹkàwé yín, láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ṣágámù, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó já kì í nu háàdì, ṣùgbọ́n reset ń pa ètò rẹ́, lórí àwọn ẹ̀rọ kan ó sì lè kó fáìlì lọ.

Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ wọ ojú ìwé ètò NAS, ẹ wo iye wákàtí tó ti wà ní títàn. Bí ó bá tún ń bẹ̀rẹ̀ látorí òdo, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń kú tó sì ń jí. Háàdì ńlá kan lè fa tó ámpù 2 lórí fóòtì (volt) 12 nígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, nítorí náà adápítà ráútà tó jẹ́ ámpù 1 kò lè gbé ámpù 2, bí ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ bá a mu. Àwọn mìíràn a fi NAS sórí UPS, ìyẹn bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ ró bí iná bá lọ, wọn a fi ráútà sílẹ̀ lára iná NEPA. Orí UPS kan náà ni kí méjèèjì wà.

Wáyà tó so NAS mọ́ ráútà ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Okùn 8 ló wà nínú rẹ̀: 1000 Mbps (Mbps ni ìwọ̀n bí ìlà ṣe yára tó) ń lo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, 100 Mbps ń lo 4 péré. Bí NAS bá sọ pé 100 lòun wà, tí ráútà sì lè gbé 1000, okùn kan ti já tàbí kò wọlé dáadáa. Èyí tó burú jù ni ti oníṣẹ́ tó to àwọ̀ ní méjì-méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Iná tẹ́sítà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á tàn, á gbowó lọ, àmọ́ bí fáìlì ńlá bá ń kọjá, àwọn okùn á máa dí ara wọn lọ́wọ́, ìlà á sì já. Bó ṣe yẹ nìyí: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-búráùn, búráùn. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọ̀ ewé méjèèjì kò fara kanra. Búlúù méjèèjì ló wà láàárín wọn. Ẹ fi ọ̀bẹ ha okùn kan kí ẹ tó rà á. Bí inú rẹ̀ bá funfun, àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

Bí wáyà bá dára, ẹ tẹ ping -t, àṣẹ tó ń pe NAS léraléra láti mọ̀ bóyá á dáhùn, àti àdírẹ́ẹ̀sì NAS (nọ́ńbà tí ráútà fi mọ̀ ọ́n) sínú Command Prompt lórí Windows bí ẹ ti ń kó fáìlì. Bí ó bá ń dáhùn tí fóldà kò ṣí, ó lè jẹ́ pé háàdì sùn. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó jí. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ráútà kú tó tún tàn ni ìdáhùn dá, àdírẹ́ẹ̀sì ló yí. Ẹ wọ ráútà, ẹ fi MAC, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ NAS, ya àdírẹ́ẹ̀sì kan sọ́tọ̀ fún un. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kọ ọ́ sínú NAS, kó yàgò fún àwọn tí ráútà ń pín. Bí ráútà bá ń pín 192.168.1.100 sí 192.168.1.199, 192.168.1.20 dára. Ẹni tó bá mú 192.168.1.105, ọjọ́ tí ráútà bá fún fóònù àlejò ní nọ́ńbà yẹn ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254 ń sọ pé NAS kò gbọ́ ohùn ráútà rárá. Ẹ padà sídìí wáyà.

Ẹni tó bá ti yí MTU, ìyẹn ìwọ̀n ẹrù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbé lẹ́ẹ̀kan, sí 9000, kó dá a padà sí 1500. Bí ó bá ṣì ń já, ẹ gbé wáyà lọ sí pọ́ọ̀tù mìíràn lára ráútà, kí ẹ sì kó fáìlì sórí háàdì mìíràn kí ẹnikẹ́ni tó tú àpótí náà.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan,
Ìjẹ̀bú-Òde.