Ẹni Tó Fara Pa Níkùn: Ẹ Má Dúró De Ẹ̀jẹ̀

Olóòtú,

Ó ń dùn mí pé bí ọ̀kadà bá ṣubú ní ojú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, tí ọwọ́ ọ̀kadà náà sì gbá ẹni tó gùn ún níkùn, omi ni a máa ń sáré fún un mu, tí a ó sì ní kó máa lọ sílé nítorí pé a kò rí ojú ọgbẹ́. Ẹ̀dọ̀ lè ti ya, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa dà sínú ikùn láìhàn síta. Bí ara rẹ̀ bá tutù, tí òógùn bò ó, tí àyà rẹ̀ sì ń yára lù, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà kíákíá, láìfún un ní oúnjẹ tàbí omi, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọ̀bẹ tó bá wà lára, ẹ má fà á yọ. Ìfun tó bá yọ síta, ẹ má tì í padà, aṣọ mímọ́ tí a fi omi tó mọ́ rin ni kí ẹ fi bò ó.

Òfin Ìlera ọdún 2014 kò fàyè gba kí ilé ìwòsàn kankan kọ ìtọ́jú pàjáwìrì. Mo bẹ àwọn aláṣẹ, kí wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ owó kò ṣáájú ìtọ́jú èémí àti ẹ̀jẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì kan, Iléṣà.