Àṣàkẹ́, iṣẹ́ wọn ni kí o kọ́kọ́ wò

Ìkòròdú,
Èkó.

Àṣàkẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú òtútù, o kú iṣẹ́ òru. Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ náà ńkọ́? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níhìn-ín. Màmá ní kí n kí ọ, wọ́n sì ní láti ìgbà Iléyá ni àwọn ti gbọ́ ohùn rẹ kẹ́yìn. Jọ̀wọ́, pè wọ́n.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ náà ju èyí tí mo lè fèsì sí nínú ọkọ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà. O ní iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí ní Manchester ti sú ọ, o fẹ́ máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní eré ìdárayá níbi iṣẹ́ wọn bí mo ṣe ń ṣe é ní Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà ọ́ nítorí o ti bímọ mẹ́ta, ara rẹ kò sì rí bíi ti àwọn ọmọge tó wà nínú àwòrán ara ògiri gíìmù.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ sọ ẹrù yẹn kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń kọ́ ní báńkì ló ti bímọ. Bí ọmọge tí ikùn rẹ̀ pẹlẹbẹ bá dúró níwájú wọn, wọ́n á yìn ín, wọ́n á sì padà sórí àga wọn. Bó bá jẹ́ ẹni tó mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń rí lẹ́yìn ọmọ kẹta ló dúró níwájú wọn, ìbéèrè ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi í. Ẹni tí wọ́n bá sì ń bi ní ìbéèrè ni wọ́n máa ń tẹ̀ lé. Ara rẹ bó ṣe wà yẹn ò dí ọ lọ́wọ́ rárá.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú dání ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé kí o wo iṣẹ́ wọn kí o tó wo ara wọn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń kọ́ni ní gíìmù. Ẹni tó wá sí gíìmù ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ìwọ lọ bá ní ọ́fíìsì tàbí ní fáktìrì, inú iṣẹ́ náà gan-an lo bá a.

Nílùú Ọba tí o wà yẹn ni ẹ̀rí ńlá kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ti jáde. Dókítà kan tó ń jẹ́ Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ìlera àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ akérò ní London, nǹkan bí 31,000 ènìyàn, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1953. Ọkọ̀ alájà méjì ni. Orí ìjókòó ni awakọ̀ ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò iṣẹ́ rẹ̀. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ní tirẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, àtẹ̀gùn tó ń gùn lójúmọ́ sì tó 500 sí 750. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń gbà, síbẹ̀ àrùn ọkàn kò mú àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó bó ṣe mú àwọn awakọ̀. Morris ò sì fi ibẹ̀ tan ara rẹ̀ jẹ. Ní 1956, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìwọ̀n ṣòkòtò yúnífọ́ọ̀mù wọn wò, wọ́n sì rí i pé ìbàdí àwọn awakọ̀ tóbi ju ti àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ, títí kan àwọn tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Ó túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì ti yàtọ̀ síra kí wọ́n tó gorí ọkọ̀ rárá. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn nítorí èyí. Ó rí ohun tó wù ú, ó sì tún lọ wá ohun tó lè ta kò ó. Ẹni ọdún 99 ni nígbà tó kú ní 2009.

Nítorí náà, kí n tó dá owó lé iṣẹ́ kankan, mo máa ń bẹ ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí n wá jókòó, kí n kàn máa wò wọ́n láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Ìwọ náà mọ Èkó. Òṣìṣẹ́ báńkì tó ń gbé Mowe tàbí Ìkòròdú ti wà nínú ọkọ̀ ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Kí ó tó dé Marina, ó ti jókòó pẹ́, àga ló sì tún ń dúró dè é níbẹ̀. Nígbà tó bá di alẹ́, wọn kì í tètè lọ ilé, wọ́n á dúró sí ọ́fíìsì títí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà á fi dẹwọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí àkókò tèmi: kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀, fún àwọn tó ti dé tipẹ́ tí wọ́n ń tòògbé sórí tábìlì, àti lẹ́yìn agogo márùn-ún, fún àwọn tó ń dúró de ọ̀nà. Kò sí ìwé kankan tó lè sọ ìyẹn fún mi. Àfi kí èèyàn lọ jókòó tì wọ́n.

Aṣọ tún ni ọ̀rọ̀ kan. Síkẹ́ẹ̀tì tó fún, kóòtù, bàtà gogoro: ta ló máa fi ìyẹn fò sókè? Èyí tí ènìyàn lè ṣe láìlàágùn ni mò ń fún wọn: kí wọ́n dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tún dìde, kí wọ́n ti ògiri, kí wọ́n gbé gìgísẹ̀ sókè, kí wọ́n fa àgbọ̀n sẹ́yìn, nítorí kọ̀ǹpútà ti fa ọrùn gbogbo wọn síwájú. Àwọn obìnrin tó ń wọ híjáàbù ń ṣe tiwọn nínú yàrá ìpàdé, a ti ilẹ̀kùn, kò sí ọkùnrin níbẹ̀. Lóṣù Ramadan, mo máa ń dín in kù. Àwọn ará Japan ti ń ṣe irú èyí tipẹ́. Láti 1928 ni wọ́n ti ń gbé eré ìdárayá sórí rédíò, títí di òní ni ọ̀pọ̀ fáktìrì àti ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé níbẹ̀ sì ń fi í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀. Èyí tí wọ́n ń lò jù kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣẹ́jú 3 ṣe yẹ̀yẹ́ lójú rẹ. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀, èyí tí kò le jù, pẹ̀lú ohun tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Kí gbogbo rẹ̀ tó lè pé, ó ní láti bẹ̀rẹ̀ níbì kan, WHO fúnra rẹ̀ sì sọ ní 2020 pé díẹ̀ sàn ju kí á má ṣe é rárá lọ.

Ìgbà kan, fáktìrì kan lápá Ọ̀tà pè mí pé kí n wá máa ṣe ijó ìdárayá fún àwọn obìnrin tó ń di ọjà sínú páálí. Mo lọ wò wọ́n. Orí ìdúró ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, orí símẹ́ńtì, ọwọ́ kan náà ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Mo sọ fún ọ̀gá náà pé àga ni àwọn ìyá wọ̀nyí kọ́kọ́ nílò, àti kí wọ́n máa pààrọ̀ àyè láàárín ara wọn kí ọwọ́ kan má bàa máa ru gbogbo rẹ̀. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní òun kò pè mí wá sọ ọ̀rọ̀ àga. Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Àṣàkẹ́, ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ gbé ẹrù tàbí dúró, bí o bá tún ní kó máa fò, o ń jẹ ẹ́ níyà ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé iṣẹ́ tó sú ọ yẹn gan-an ni àǹfààní rẹ. Àwọn tó ń kọ́ni ní gíìmù pọ̀ lọ́dọ̀ yín. Mélòó nínú wọn ló ti fi òru kó ẹrù láti orí pákó dé orí pákó? O mọ ibi tí ẹ̀yìn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dùn àti wákàtí tí ẹsẹ̀ ń kú. Bẹ ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ yín pé kó fún ọ ní ìṣẹ́jú 5 nínú ìpàdé tí ẹ máa ń ṣe kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣèlérí fún un pé nína ara á fòpin sí ìfarapa. Ẹ̀rí ìyẹn kò lágbára. Òfin yín lórí gbígbé ẹrù, ti 1992, ní agbanisíṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ọ̀nà láti yẹra fún ẹrù tó lè ṣeni léṣe tàbí kó dín ewu rẹ̀ kù. Má jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, ìwé tí a jọ kà ní Ìbàdàn á ràn ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ yín, Level 2 ti olùkọ́ni ní gíìmù ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà Level 3 ti olùkọ́ni aládàáni. Rí i dájú pé CIMSPA, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ eré ìdárayá lọ́dọ̀ yín, mọ ilé ẹ̀kọ́ tí o bá yàn kí o tó sanwó. Gba ìwé ìdójútòfò. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí o sì mọ ibi tí ẹ̀rọ tó ń ta ọkàn jí wà ní gbogbo ilé iṣẹ́ tí o bá wọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó bá ọ gbé ẹsẹ̀, jẹ́ kí ó dáhùn ìbéèrè méje inú PAR-Q, ìwé tí wọ́n fi ń béèrè ìlera ẹni kí eré ìdárayá tó bẹ̀rẹ̀: ṣé àyà máa ń dùn ún, ṣé òòyì máa ń kọ́ ọ, ṣé ó ń lo oògùn, àti irú bẹ́ẹ̀. Èmi tún máa ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé tàwọn ti kọjá 140/90, ìyẹn ààlà ẹ̀jẹ̀ ríru, títí ọjọ́ tí mo so nǹkan mọ́ wọn lápá. Tó bá ti ga jù, kò sí eré ìdárayá lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ̀ dókítà ni.

Ọ̀rọ̀ ìfúnpá yìí náà ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti àwọn ọ̀gá. Wọ́n á ní kí n fún àwọn ní orúkọ àwọn tí tiwọn ga, pé àwọn ló ń sanwó. Mi ò fún wọn rí, mi ò sì ní fún wọn láéláé. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé iye ènìyàn nìkan ni mo máa sọ, láìsí orúkọ. Ìyá kan tó fi àṣírí ara rẹ̀ hàn mí kò gbọ́dọ̀ tìtorí ẹ̀ pàdánù iṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù. Òfin Nàìjíríà ti 2023 lórí ìwífún ènìyàn dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìlera, tiyín náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ bá gbọ́ pé o sọ orúkọ ẹnì kan, iṣẹ́ rẹ ti parí níbẹ̀ nìyẹn, ó sì yẹ kó parí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ ìdíje ta ló fọn jù. Àwọn ọ̀gá fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú ló ń kó bá àwọn tó sanra, wọn kì í sì í padà wá. Ìgbà mélòó lo lè dìde lórí àga láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30? Ìyẹn ni mò ń kà. Inú ènìyàn máa ń dùn sí i tó bá rí i pé òun ti ṣe ju ti oṣù tó kọjá lọ.

Owó: gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, má ka iye orí àwọn tó bá wá. Ilé iṣẹ́ ńlá kì í tètè sanwó, níbí wọ́n tún ń yọ owó orí kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó san án. Má fi ilé ìkẹ́rùsí sílẹ̀ títí ilé iṣẹ́ méjì á fi fọwọ́ síwèé.

Kọ bí iṣẹ́ yín ṣe ń lọ ránṣẹ́ sí mi, láti ìgbà tí ẹ bá wọlé títí dé ìsinmi àkọ́kọ́: ẹrù wo, ó ga tó báwo, ẹ̀gbẹ́ wo ni ẹ máa ń yí sí. Mo fẹ́ bá ọ to ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́ yẹn. Sọ òru tí o kò bá ní lọ síṣẹ́ fún mi pẹ̀lú, kí n lè pè ọ́.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àbẹ̀kẹ́