Àdùkẹ́, má fi ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ ṣe ẹ̀rí

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ìyá rẹ wà dáadáa, orúnkún tó ń dùn ún ti ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Inú wa dùn pé wọ́n ti fi ọ́ kún àwọn tí yóò máa yan òṣìṣẹ́ tuntun ní ilé ìwòsàn yín ní Chicago. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e lẹ́nu rẹ ni mo ń rò láti ìgbà náà. O ní wọ́n fẹ́ kọ́ yín lẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀tanú tí èèyàn ń ṣe láìmọ̀, pé kò tiẹ̀ kàn ọ́: "Bàbá, ẹ ṣáà mọ̀ mí, mi ò kórìíra ẹnikẹ́ni."

Mo mọ̀ ọ́ lóòótọ́. Àtikékeré lo ti lójú àánú. Ṣùgbọ́n ìwà pẹ̀lẹ́ kò ní kí ẹ̀tanú má wọlé síni lára.

Ṣé o rántí màmá onílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa? Mi ò mọ ẹni tó ní sùúrù jù ú lọ ládùúgbò yìí. Yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó sì ní kí n wá jókòó ti òun nígbà tí àwọn tó fẹ́ gbà á bá dé. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan ló kọ́kọ́ wọlé, òṣìṣẹ́ báńkì. Màmá béèrè ilé àwọn òbí rẹ̀, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, díẹ̀ ló kù kó kó kọ́kọ́rọ́ fún un. Ọmọ Ìgbò kan tún dé, báńkì kan náà ló ti ń ṣiṣẹ́. Màmá bu omi tútù fún un, ó pè é ní "ọmọ mi", ó wá ní kó lọ mú onídùúró méjì wá. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò béèrè onídùúró lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́, ó wò mí tìyanutìyanu. Kò mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dá mi lójú pé kò purọ́. Ọmọ Ìgbò yẹn kò padà wá. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni í rí tẹni.

Ó pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń wádìí bóyá irú ẹni téèyàn jẹ́ ló ń fa ẹ̀tanú. Lẹ́yìn ogun Hitler, ní 1950, Adorno àtàwọn mẹ́ta míì tẹ ìwé ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ẹni tó ń wárí fún aláṣẹ, tó sì ń tẹ ẹni tó rẹlẹ̀ mọ́lẹ̀, ni ẹ̀tanú tètè máa ń wọ̀ lára. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e tún fi hàn pé ẹni tó fẹ́ràn láti mọ nǹkan tuntun àti ẹni tó láàánú kì í sábà sọ̀rọ̀ ẹlẹ́tanú. Ohun tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ nìyẹn o. Ṣùgbọ́n ní 1958, ọ̀mọ̀wé kan, Thomas Pettigrew, yẹ àwọn aláwọ̀ funfun wò ní South Africa àti ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹ̀tanú wọn sí àwọn dúdú pọ̀, síbẹ̀ irú ìwà tí Adorno sọ kò pọ̀ láàárín wọn ju ti ibòmíì lọ. Ohun tí wọ́n bá nílùú ni wọ́n ń ṣe, oníwà tútù àti oníwà líle pa pọ̀.

Èyí tó kàn ọ́ jù lọ rèé, nítorí ìlú tí o wà ló ti ṣẹlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Bertrand àti Mullainathan, kọ ìwé ìwáṣẹ́ bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ti àwọn èèyàn tí kò sí rárá, ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ ní Boston àti Chicago, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2004. Orúkọ ni wọ́n kàn ń pààrọ̀: Emily tàbí Greg, tí àwọn òyìnbó máa ń jẹ́, Lakisha tàbí Jamal, tí àwọn dúdú Amẹ́ríkà máa ń jẹ́. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ òyìnbó ń rí ìpè kan nínú ìwé 10. Ẹni tó ń jẹ́ Lakisha ní láti kọ 15. Mi ò gbà pé ìkà ni gbogbo àwọn tó ju ìwé wọ̀nyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Má sì rò pé dúdú tí ìwọ náà jẹ́ yọ ọ́ sílẹ̀. O mọ bí àwọn èèyàn wa tó wà lọ́hùn-ún ṣe ń pe àwọn dúdú Amẹ́ríkà ní "akátá", nílé àríyá, lójú àwọn ọmọ wọn, láìbínú rárá. Etí rẹ ti gbọ́ ọ tipẹ́. Lakisha àti Jamal gan-an ni wọ́n ń bá wí.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, lọ síbi ẹ̀kọ́ yẹn. Bẹ akọ̀wé yín kó bo orúkọ kí ìwé tó dé ọwọ́ yín. Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi gbogbo wọn, kí kálukú sì kọ máàkì tirẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jíròrò. Bí o bá gbọ́ tí ẹnu rẹ ń sọ pé "ara mi kò gba ẹni yìí", kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Bí o kò bá rí ìdí kọ, fún un ní àyè kó wá dáhùn ìbéèrè. Pàápàá nígbà tó bá ti rẹ̀ ọ́, tí ẹ sì ń kánjú parí.

Pè mí tẹ́ ẹ bá ti yan àwọn àkọ́kọ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n gbà kí ẹ bo orúkọ.

Èmi ni bàbá rẹ.